Àpótí Ìwé Tí Wọ́n Fi Àgádágodo Tì Mọ́ Àwọn Ọmọ

Odindi sáà ilé ìwé méjì ni àpótí ìwé àdúgbò wa fi kún fọ́fọ́ lójú títì ní Muṣin, tí ọmọ kan ṣoṣo kò rí ìwé mú nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ kò fẹ́ kàwé. Àgádágodo ni wọ́n fi tì í. Ẹni tó tì í kì í gbé àdúgbò wa. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá, á na ọrùn wo ìwé láti ẹ̀yìn gíláàsì, á fi bíírò sàmì sí pépà tó mú dání, á sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi di ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà. Modúpẹ́ ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ìwé ni wọ́n ń pè mí ní òpópónà wa. Adìwé ni mí. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ mú ṣe. Màá sọ ọ́. Àmọ́ inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò sì ní bò ó mọ́ yín lára.

Ìyá mi jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kí n dà, agbára rẹ̀ kò gbé e, ó sì mú mi lọ kọ́ṣẹ́ ní Yaba. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn, kò sí ohun tó dùn nínú ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá mi ń jẹ́ Bàbá Fáníyì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Sábó, àwa mẹ́fà la sì ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin méjì. Nígbà náà, obìnrin ló ń rán ìwé, ọkùnrin ló ń gé e. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, pépà ńlá pẹlẹbẹ ló ń ti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé wá. Adìwé ló máa ká a, táá fi eegun màlúù tí a ti ha dán tẹ ojú ibi tó ká, táá tò ó bó ṣe yẹ, táá fi abẹ́rẹ́ àti òwú tí a ti fi ìda pa rán an pọ̀. Lẹ́yìn náà la máa se sítáàṣì, bí ẹni ń ro ẹ̀kọ, a máa fi lẹ aṣọ mọ́ ẹ̀yìn ìwé, a sì máa fi páálí bò ó. Bí a bá ṣe é dáadáa, ọmọ ọmọ ẹni tó rà á máa kà á.

Oṣù mẹ́fà ni Bàbá Fáníyì fi ní kí n máa ká pépà nìkan. Abẹ́rẹ́, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kan mo lo ìgboyà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ mi ti gbọ́n."

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹnu ẹ ló ti gbọ́n. Ọwọ́ ẹ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn."

Nígbà tí mo wá dé ìdí abẹ́rẹ́, mo rò pé ìyà ti tán. Ìyà ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Bí mo bá rán ìwé kan tán, á ní kí n gbé e sórí tábìlì, kí n ṣí i láàárín, kí n sì mú ọwọ́ mi kúrò. Ìwé tó bá sùn sílẹ̀ gbalaja, tí kò padé fúnra rẹ̀, ìyẹn ni ìwé.

"Ṣé ó sùn?"

"Ó sùn, sà."

"Ó ń tòògbé ni." Á mú sísọ́ọ̀sì, á gé gbogbo òwú tí mo fi ọjọ́ kan gbáko rán, á sì dá pépà náà padà sí itan mi. Bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe é láìbínú, láìpariwo, bí ẹni ń gé èékánná. Mo sunkún fún ìwé ju bí mo ṣe sunkún fún ọkọ lọ láyé mi.

Ṣùgbọ́n àṣà rẹ̀ kan wà tó yà wá lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí aago méjì bá ti lù, iṣẹ́ á dúró. Gbogbo ìwé tó wà lórí pẹpẹ, tí àwọn tó ni wọ́n kò tíì wá gbà, a gbọ́dọ̀ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ká ṣí wọn, ká fi àtàǹpàkò fẹ́ ojú ewé wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ká fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹ̀yìn wọn, ká sì dá wọn padà. Ìwé tí a ti ṣí lọ́sẹ̀ tó kọjá, a máa tún un ṣí. Mo bi í ní ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Kí la fi di ìwé?" ló bi mí padà.

"Sítáàṣì, sà."

"Kí ni wọ́n ń fi sítáàṣì ṣe nílé yín?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́, sà."

"Ó dáa. Aáyán náà mọ̀ pé wọ́n ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ ènìyàn ló ń bà á lẹ́rù. Ìwé tí ènìyàn kò bá kà, aáyán á bá a kà á."

Lọ́sẹ̀ kan tí oorun ń kùn mí, mo ṣí pẹpẹ tòkè, mo fo tìsàlẹ̀, mo sì sọ pé mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nísàlẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, aáyán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ dé ojú òwú. Bàbá Fáníyì kò nà mí. Ó ní kí n tún un dì, kí n wá gbé e lọ fún àlùfáà fúnra mi, kí n kúnlẹ̀, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aáyán ló jẹ ìwé yín, èmi ni mo sì pè é wá jẹun." Àlùfáà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà dòní, ọjọ́ Ẹtì kan kò kọjá lórí ìwé tó wà níkàáwọ́ mi kí n má ṣí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ló bí ìbínú mi.

Mo gba fírídọ̀ọ̀mù, mo bá ilé ìtẹ̀wé ńlá kan ṣiṣẹ́ ní Yaba, ibẹ̀ ni mo sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi. Owó oṣù wọn kò pọ̀, ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí bí irinṣẹ́ ṣe ń yí padà. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń ká pépà, àwọn tó ń ká a sì lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń lẹ ìwé dé: kò sí abẹ́rẹ́, kò sí òwú, á kàn gé ẹ̀yìn pépà, á fi gọ́ọ̀mù gbígbóná ra á, ìwé ti dé. Mi ò bá ẹ̀rọ jà o. Ẹ̀rọ dáa bí gọ́ọ̀mù rẹ̀ bá dáa. Èmi ni wọ́n tilẹ̀ fi ṣe ọ̀gá ìdí rẹ̀.

Lọ́dún kan, alágbàṣe kan gbé iṣẹ́ ìwé kíkà àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá. Wọ́n ti po ìda mọ́ gọ́ọ̀mù náà kí ó lè pọ̀. Mo ṣí ìwé àkọ́kọ́ tó jáde, ojú ewé mẹ́ta bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e lọ bá máníjà wa.

Ó ní, "Àǹtí Modúpẹ́, ìwé ọ̀fẹ́ ni. Ta ló máa wá béèrè?"

Ẹnì kan wá béèrè. Kí sáà tó parí, olùkọ́ obìnrin kan láti Muṣin fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, pẹ̀lú ìwé náà nínú àpò náílọ́ọ̀nù bí ẹni tó lọ ra ewébẹ̀. Ó tú u sórí tábìlì wa. Ó ní, "Ọmọ kan ní kíláàsì mi ní ojú ewé kìíní títí dé ogún. Ẹni tó jókòó tì í ní ọ̀kànlélógún títí dé ogójì. Ṣé kí n so àwọn ọmọ náà pọ̀ ni, kí wọ́n lè di ìwé kan?" Máníjà wọ inú ọ́fíìsì rẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Èmi ni mo dúró tí ojú ń tì. Mo ní kí ó kó wọn sílẹ̀ fún mi. Mo gbé wọn lọ sílé, mo sì fi abẹ́rẹ́ rán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Sátidé mẹ́rin gbáko. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí wọ́n bá sọ fún yín pé ohun kan wà fún ọmọ tálákà, kí ẹ yára yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo jókòó sí ilé ọkọ mi ní Muṣin pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mi, eegun màlúù mi àti ọwọ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Mo ń lọ sí Yaba lọ ra ògbólógbòó ìwé ìtàn lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń tún wọn rán. Wọ́n wá kún iwájú ilé títí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Rájí, káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyá Ìwé, ẹ kó ẹrù yín kúrò lójú ọ̀nà mi, àbí ẹ fẹ́ kí n kọ́lé fún un?"

Mo ní, "Kọ́ ọ."

Ó sì kọ́ ọ. Pákó kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnì kan kọ̀ sílẹ̀ ló fi kan àpótí náà, ó fi páànù bo orí rẹ̀ nítorí òjò, ó gbé e kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ ọmọ kékeré lè dé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju kí a fà á lọ. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i lára pé: Mú ọ̀kan, kà á, dá a padà. A kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìwé, ẹ̀rù ìwé náà ló máa bà á.

Ẹ wò ó, àwọn ọmọ tí mo ń sọ yìí, ọmọ mẹkáníìkì ni wọ́n, ọmọ aránṣọ, ọmọ ẹni tó ń ta ata. Yàrá ìkàwé wà nílé ìwé wọn, àga tó ti kán ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ìwé tó wà nílé ọ̀pọ̀ wọn kò ju ìwé àdúrà àti kàlẹ́ńdà lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n kàn ń wo àpótí náà láti òdìkejì títì. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ṣófo.

Bàbá Rájí ní, "Wọ́n ti kó o lọ. Mo sọ fún yín."

Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ìgbà náà ni mo kọ́ ohun tí Bàbá Fáníyì kò kọ́ mi. Ìwé tó bá padà wá pẹ̀lú epo àkàrà létí ojú ewé, tí igun rẹ̀ ti rọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tú, ìwé yẹn ti jẹ́ iṣẹ́. Ìwé tó bá padà wá ní mímọ́ tónítóní, mo máa ń mú un kúrò, nítorí kò dùn. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, mo ń kó gbogbo rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, mo ń ṣí wọn, mo sì ń rán èyí tó bá ya.

Nínú gbogbo wọn, Ràṣídá ni òǹkàwé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà, ìyá rẹ̀ sì ń ránṣọ ní ojúlé kẹta sí wa. Ìyá Ràṣídá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Ìwé, èmi ò lè ka lẹ́tà kan. Àmọ́ kò sí ohun tó wà nínú àpótí yẹn tí mi ò mọ̀. Ẹsẹ̀ mi á máa tẹ máṣínì, ó á máa kà á sí mi létí. Níjọ́sí tí ọmọbìnrin inú ìwé yẹn sọnù lójú omi, ọrùn ẹ̀wù oníbàárà mi ni mo rán pa."

Ó yẹ kí n fi mọ síbẹ̀. Ìgbéraga ni kò jẹ́.

Mo ra ẹ̀pà ní oríta lọ́jọ́ kan. Mo tú pépà rẹ̀, mo rí ihò abẹ́rẹ́ márùn-ún lórí ìlà kan, òwú tó ní ìda sì wà nínú ọ̀kan. Ènìyàn kì í ṣi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé náà gbà lọ́wọ́ mi. Mo bi ìyá elépà ní ibi tó ti rí i.

"Ẹ má bínú, màmá. Wọ́n kó o wá pẹ̀lú ìwé ìròyìn àtijọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ló ni ín."

Ìwé kan ṣoṣo ni o, nínú gbogbo ìwé tó ti ń lọ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi bí ẹni pé wọ́n jí ọmọ mi. Mo ní màá kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà. Wọ́n mọ ara wọn.

Bàbá Rájí bẹ̀ mí. Ó ní, "Ìwé kan ni. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹni tó bá pe ọ̀gá ńlá wá lé eku nílé rẹ̀, kó mọ̀ pé ọ̀gá náà máa jókòó."

Mi ò gbọ́. Mo kọ lẹ́tà. Ohun tí mo béèrè kò ju pé kí wọ́n fún wa ní ẹnì kan tí yóò máa jókòó ti àpótí náà ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa bá àwọn ọmọ yan ìwé. Ènìyàn ni mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.

Ìnáwó ni wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n ní wọ́n máa ṣí àpótí náà, bí ẹni pé kò tíì ṣí rí. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n yọ ilẹ̀kùn Bàbá Rájí, wọ́n fi ti onígíláàsì sí i, wọ́n sì kọ orúkọ ọ̀gá wọn sí i lára ní lẹ́tà tó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ìdajì ìwé ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀gbẹ́ni tí wọ́n rán wá, ẹni tí mo máa pè ní Ọ̀gbẹ́ni Onípépà, ní kí n gba gbogbo rẹ̀ padà kí àpótí lè kún nínú fọ́tò.

Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ràṣídá kò fẹ́ dá tirẹ̀ padà. Ìwé ìtàn ọmọbìnrin ojú omi yẹn ló ń kà lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí láti kà á tán fún ìyá rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ aṣọ ọdún ló dá wọn dúró ní àkọ́kọ́. Wọ́n ti dé ibi tí wọ́n ti rí ọkọ̀ ọmọ náà, wọn ò tíì rí ọmọ.

"Ìyá Ìwé, ẹ jẹ́ kí n ka ibi tó kù."

Mo ní, "Mú un wá. Lọ́la, ìwọ ni màá kọ́kọ́ fún. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó gbà á gbọ́, ó gbé e fún mi. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pín bisikíìtì. Bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ mọ́, Ọ̀gbẹ́ni Onípépà yọ àgádágodo lápò, ó fi kọ́ ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ ẹ́ pa.

Mo ní, "Kí nìyẹn?"

"Màmá, ẹ̀yin náà lẹ kọ̀wé pé ìwé ń sọnù. Kò ní sọnù mọ́."

Mo rò pé ọjọ́ kan ni. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá wà ní ìpàdé. Nígbà kejì, wọ́n ń tẹ fọ́ọ̀mù tí àwọn òbí máa fọwọ́ sí. Nígbà kẹta, fọ́ọ̀mù ti dé, ẹni tó máa pín in ló lọ lífù. Ní gbogbo ìgbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Onípépà ń wá ka iye ìwé láti ìta gíláàsì lóṣooṣù. Mo tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan, mo sì gbọ́ bó ṣe ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Ó pé, sà. Àdúgbò yìí ló ń ṣe dáadáa jù. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ò sọnù."

Ràṣídá náà ń wá. Á fi iwájú orí ti gíláàsì, á wo ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ lórí pẹpẹ kejì. Kò bá mi jà. Ó bi mí nígbà kan pé, "Lọ́la yẹn, ṣé kò tíì dé ni?" Mo ti gbọ́ èébú lẹ́nu iṣẹ́, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, mo rí i. Kóró dúdú tín-tìn-tín, bí èérún ewé tíì, nísàlẹ̀ àwọn ìwé, lẹ́yìn gíláàsì. Ẹlòmíràn á pè é ní eruku. Adìwé mọ̀ ọ́n. Ìgbẹ́ aáyán ni. Ọjọ́ Ẹtì mélòó ló ti kọjá lórí ìwé wọ̀nyẹn tí ọwọ́ kankan kò kàn wọ́n.

Mo sáré pe Ọ̀gbẹ́ni Onípépà. Mo ní, "Aáyán ti wọ ibẹ̀. Ẹ wá ṣí i, wákàtí kan péré."

"Màmá, mo ka ìwé náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó pé."

"Ó pé lójú. Ẹ̀yìn wọn ń lọ."

"Bí ó bá ṣáà ti pé, kò sí ẹjọ́ lọ́rùn wa."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo lọ bá Bàbá Rájí. Mi ò tilẹ̀ tíì la ẹnu tán tó fi ti mú súkúrú-dúráíbà. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn mi ni mo ti ń wo irin tó so tiwọn mọ́ra. Ìta ni wọ́n de súkúrú sí. Ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ kan kò ní ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọ̀sán Sátidé ni, gbangba ni, gbogbo àdúgbò ló dúró. Ó tú súkúrú mẹ́fà, ilẹ̀kùn ṣí láti ìdí irin náà pẹ̀lú àgádágodo rẹ̀ lára. Aáyán tú jáde bí ẹni tú ẹ̀wà dànù, àwọn ọmọ fi bàtà dá wọn lóhùn. Òórùn inú rẹ̀ gba imú mi. Mo mú ìwé àkọ́kọ́, páálí rẹ̀ ṣubú. Mo mú ìkejì, aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti di asẹ́. Nínú gbogbo ìwé tó "pé" lórí pépà wọn, ìdá kan nínú mẹ́ta ló ti di pàǹtí. Ẹ̀yìn ti Ràṣídá ti lọ, òwú náà ti já, àmọ́ ojú ewé rẹ̀ wà.

Mo jókòó sórí àpótí ìṣó Bàbá Rájí níta gbangba, mo fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ràṣídá bá mi bọ̀ ọ́ nígbà tí ojú mi kọ̀. Mo rán an lójú rẹ̀, ojú ewé kan tẹ̀ lé ìkejì, ó sì ń bojú wo ibi tó kù bí mo ṣe ń rán lọ.

"Má kà á níbẹ̀ yẹn," ni ìyá rẹ̀ kígbe láti ìdí máṣínì. "Gbé e wá sílé. Èmi náà fẹ́ gbọ́."

Èyí tó ṣì ṣeé kà nínú àwọn yòókù, àwọn ọmọ kó o lọ kí oòrùn tó wọ̀. Èyí tó ya, wọ́n tò ó sílẹ̀ dè mí. Àpótí náà ṣófo fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìnáwó wọn, ara mi sì balẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, bí ẹ bá fẹ́, ẹ kọ́ ìdìwé, bí ẹ bá fẹ́, ẹ má kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá mú, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé ta ló máa lò ó. Ọ̀gbẹ́ni Onípépà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í mu ọtí, kì í jalè, kì í pẹ́ dé. Kò kàn tíì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn rí ni, kò sì sí ẹni tó gbé sísọ́ọ̀sì sí i lórí tábìlì nígbà tó ń kọ́ṣẹ́.

Ó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ó wo pẹpẹ tó ṣófo, ó wo pépà rẹ̀, ó tún wo pẹpẹ. Mo kó pàǹtí tí aáyán jẹ hàn án nínú báàgì. Ó béèrè bóyá àwọn yẹn ṣì ní nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn lára, kí ó lè sàmì sí wọn. Mo béèrè ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa jókòó ti àpótí. Ó ní ìyẹn kò sí nínú ètò ọdún yìí. Mo ní ó dáa, èmi ni màá jókòó tì í, lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n ṣáà fi àpótí náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ní òun á gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá.

Lálẹ́ àná, Ìyá Ràṣídá sọ fún mi pé ojú ewé mẹ́rìndínlógún ló kù fún wọn. Láàárọ̀ yìí ni èsì ọ̀gá dé, lẹ́tà kan pẹ̀lú òǹtẹ̀ méjì. Wọ́n ní kí gbogbo ìwé tó jáde padà sínú àpótí kí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n máa pe èmi àti Bàbá Rájí wá sọ tẹnu wa. Lọ́jọ́ Ajé náà, wọ́n máa rán mọ́tò wá gbé àpótí lọ sí ọ́fíìsì wọn, níbi tí wọ́n ti máa tì í dáadáa. Lẹ́yìn náà, ọmọ tó bá fẹ́ kàwé lè wá sọ́dọ̀ wọn láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, kí ó sì wọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀.